Èéfín Elésè-Àlùkò

Ilé Àwọn Olùkọ́,
Lẹ́yìn Pápá Ìṣeré.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín bí ẹ bá dúró pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ti fúyẹ́ díẹ̀, pé ara Bàbá àwọn ọmọ náà dá, àti pé àbíkẹ́yìn yín ti ń jẹun dáadáa. Bí ẹ bá béèrè tèmi, ara mi le. Ọkàn mi ni kò tíì padà sáyè rẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Ẹ pè mí títí, mi ò gbé e. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, mo dáhùn pé mo wà dáadáa, pé màá pè yín, mi ò sì pè. Kì í ṣe ìgbéraga o, kì í sì í ṣe pé mo gbàgbé yín. Ẹ̀yin lẹ mọ ohùn mi jù láyé yìí. Bí mo bá kàn ní "ẹ ǹlẹ́ mà" lásán, ẹ ó ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí, ẹ ó bi mí, màá sì bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́ níwájú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù. Kí n sì ti tètè sọ ọ́ kí àyà yín má baà já: kò sẹ́ni tó kú.

Kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tó kàn wá ní láàbù ni bí a ṣe ń yọ ohun líle kúrò nínú ìdọ̀tí tó dàpọ̀ mọ́ ọn, láìlo omi, láìlo asẹ́. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bí iná bá rọra kàn wọ́n, wọn kì í yọ́ di omi bí yìnyín ṣe ń yọ́. Láti líle ni wọ́n ti ń fò di èéfín tààrà. Bí èéfín náà bá wá kan ibi tó tutù, á tún di líle padà, á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ní mímọ́ tónítóní, ìdọ̀tí á sì jókòó sísàlẹ̀ nítorí òun ò lè fò. Áyódíìnì ni mo yàn fún wọn, èyí tí ẹ̀yin fi ń nu egbò ní wọ́ọ̀dù. Àmọ́ tiwa kì í ṣe olómi. Ó dúdú, ó ń dán bí irin tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo dà á pọ̀ mọ́ iyanrìn, mo sì pín in fún wọn ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Ẹ ó da àdàlù yẹn sínú àwo tanganran kékeré, ẹ ó dojú àrọ onígíláàsì bò ó, ẹ ó fi òwú di ọ̀nà ọrùn àrọ náà kí èéfín má baà ráyè jáde, ẹ ó wá tan iná gáàsì sábẹ́ rẹ̀. Iná yẹn gbọ́dọ̀ kéré. Bó bá pọ̀, èéfín á ju ohun tí àrọ lè gbà lọ. Torí ẹ̀ ni mo fi máa ń rìn kiri láàárín tábìlì, tí mò ń ní "jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò lójú àánú, wọ́n ti sọ mí ní Tíṣà Jẹ́jẹ́. Kódà ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì ti ń fi kí mi láàárọ̀.

Ohun kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín. Fáànù tó máa ń fa èéfín jáde ní láàbù wa ti bàjẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Mo ti lọ sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n ní ẹni tó máa tún un ṣe ń bọ̀. Ìdánwò ń sún mọ́lé, ẹni náà ò dé. Ni mo bá ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, mo ní afẹ́fẹ́ yìí á tó. Bí mo ṣe ń ṣí fèrèsé tó gbẹ̀yìn, ọkàn mi ń bi mí pé, "Ṣé ó tó lóòótọ́?" Mo pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ mọ̀ mí, láti kékeré ni ẹ̀rù gbogbo nǹkan ti ń bà mí. Mo rò pé ìbẹ̀rù mi àtijọ́ náà ni.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà. Sáà yìí ló dé sọ́dọ̀ wa láti ilé-ìwé mìíràn. Ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ tóbi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bí mo bá kọ nǹkan sójú pátákó báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sókè: "Ẹ̀rí ńkọ́, sà?" Àwọn olùkọ́ kan kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ní tèmi, bí kò bá wá sílé-ìwé, ó máa ń dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohun tí mo kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo sọ pé áyódíìnì kì í di omi kó tó di èéfín, òun náà ló dìde. Ó ní, "Sà, àrọ ti bò ó. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò kọ́kọ́ di omi?" Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fi ẹnu ara mi sọ níwájú gbogbo wọn pé, "Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ fi ojú ara yín wò ó." Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni kò jẹ́ kí oorun kùn mí mọ́.

Wọ́n tan iná. Kò pẹ́ tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde nínú àwọn àrọ, ó pọ́n, ó dúdú, àwọ̀ elésè-àlùkò gan-an tí ènìyàn ò lè fojú rí kó má dákẹ́. Àwọn ẹyọ wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára gíláàsì, wọ́n ṣe ṣónṣó bí abẹ́rẹ́, wọ́n ń dán. Mo wà nídìí tábìlì ẹ̀yìn, mò ń bá ọmọkùnrin kan rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀, ni mo gbọ́ tí gíláàsì kan àwo, "kin-in." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ikọ́. Mo yíjú. Lọ́yà ti gbé àrọ tirẹ̀ sókè, ó ti tẹ orí wálẹ̀ sórí àwo kó lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èéfín sì ti bò ó lójú. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún húkọ́. Mo rò pé á dúró. Kò dúró.

Mo ké pé kí wọ́n paná, kí gbogbo wọn bọ́ síta. Mo ju aṣọ tútù bo àwo náà, mo gbé ọmọ náà lọ sórí koríko. Àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè tó là. Ètè rẹ̀ ti ń yí padà. Ó tẹjú mọ́ mi, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde, ó kàn ń nawọ́ sí ọ̀nà láàbù. Mo rò pé ìwé rẹ̀ ló ń béèrè, mo ní, "Fi ìwé sílẹ̀, ìwé ò lọ síbì kankan!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń jókòó ló sáré wọlé, ó tú báàgì Lọ́yà dà sílẹ̀, ó mú ìbọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ká jọ, ó sì fa agolo kékeré kan yọ nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn alásímà máa ń fín sẹ́nu. Nínú ìbọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi! Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tí mò ń kọ́ ní ásímà, àti pé ṣe ló ń fi í pamọ́.

Olùkọ́ eré ìdárayá ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Mi ò mọ ọ̀nà tí a gbà. Orí rẹ̀ wà léjìká mi, mò ń ka mímí rẹ̀, bí ọ̀kan bá jáde, èmi náà á dá èémí mi dúró títí èkejì á fi jáde. Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì kan bi mí pé kí ló fà símú. Èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa kọ́ ènìyàn ní kẹ́mísìrì, orúkọ nǹkan náà fò lọ lórí mi pátápátá. Ọwọ́ mi ni mo nà sí i. Àwọ̀ rẹ̀ ti mú gbogbo ìka mi, ó pọ́n bí ìpẹtà. Ó wò ó, ó ní, "Áyódíìnì?" Mo mi orí bí alángbá. Wọ́n gbé ọmọ náà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Mo wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ìyá rẹ̀ dé. Aránṣọ ni. Téèpù tó fi ń wọn ènìyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, fọ́nrán òwú funfun lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ ara wọn. Mo dìde, mo dúró ṣinṣin. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbájú. Ká ní ó gbá mi létí, ìbá tù mí lára. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ má lé e. Èmi ni mo ní kó má sọ." Ó ní níbi tí ọmọ náà wà tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní ásímà ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ láàbù mọ́, kó lọ wá iṣẹ́ tí kò ní wàhálà. "Ọmọ mi ò jẹun, Tíṣà. Dókítà ló fẹ́ dà. Ni mo bá ní ká wá ibòmíràn, ká sì pa ẹnu mọ́." Mò ń bẹ̀ ẹ́, òun náà ń bẹ̀ mí. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá, wọn ò mọ ẹni tó ṣẹ ẹnì kejì nínú wa.

Dókítà jáde nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Ó ní èémí rẹ̀ ti ń wálẹ̀, pé ó ti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn á dá a dúró nítorí ó lè tún padà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ó ti sọ̀rọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò gbọ́ ju "ó lè tún padà" lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé, mo gbé e jẹun, mo gbé e sùn. Bí ajá bá húkọ́ lójú pópó, mo ti dìde jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Ẹ má kà wọ́n sí ènìyàn burúkú o. Àwọn ni wọ́n bá mi wá yàrá tí mò ń gbé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Wò ó, àbúrò, wọn ò tíì fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀. Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. O ṣe iṣẹ́ láìsí fáànù, ọmọ sì gbé àrọ sókè láìgbàṣẹ. Èyí kejì ni kó o kọ. Ọmọ tó ṣàìgbọràn, tó tún fi àìsàn pamọ́, ta ló máa wá bi ọ́ léèrè?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo jáde. Bí mo bá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí, wọ́n á lé Lọ́yà kúrò ní láàbù, bóyá kúrò nílé-ìwé pàápàá. Bí mi ò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi lè bọ́. Ẹ̀yin lẹ sì mọ bí mo ṣe jókòó sílé yín tó kí n tó rí iṣẹ́ yìí, tí mò ń bá yín gbé ọmọ jó, tí ojú ń tì mí láti bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò purọ́ fún yín, ó wù mí láti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí. Mo tiẹ̀ ti mú bírò. Ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ lọ wo ọmọ náà. Mo bá a tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Bó ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ohùn tó ti há sọ fún mi pé, "Sà, mo rí i. Kò di omi." Mo ní kó má sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣáà ní ká fi ojú ara wa wò ó." Kò fi bú mi o. Ṣe ló ń jábọ̀ iṣẹ́ tí mo rán an. Gbogbo ilé-ìwé ń pè é ní aláìgbọràn, ọmọ náà sì dùbúlẹ̀ sí ọsibítù nítorí pé ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Mo padà sílé, mo sì kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Mo kọ pé mo mọ̀ pé fáànù ò ṣiṣẹ́, mo sì tanná. Mo kọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n fojú wò ó, mi ò sì sọ bí wọn ó ṣe wò ó. Mo kọ pé mi ò bi ọmọ kankan léèrè rí bóyá nǹkan ń ṣe é. Wọ́n pè wá jókòó, èmi, ìyá Lọ́yà, ọ̀gá ilé-ìwé àti igbákejì wọn. Mo gbé ìwé náà lé tábìlì, mo kà á sókè. Igbákejì ọ̀gá ń wo àjà. Ọ̀gá bi mí pé, "Ta lo sọ fún nípa fáànù?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo sọ fún, mà." Ọ̀gá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n tún gbé e wọ̀. Wọ́n wá ní, "Òótọ́ ni. Ó sọ fún mi." Ìyá Lọ́yà náà ní òun ní ẹ̀bi tòun, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí nìyí. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Ìfìdímúlẹ̀ iṣẹ́ mi di ọdún tó ń bọ̀, bí nǹkan mìíràn ò bá ṣẹlẹ̀. Ẹ ò rí i, "bí nǹkan mìíràn ò bá ṣẹlẹ̀" yẹn ti bá mi jókòó sílé báyìí bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Wọ́n ti láàbù pa títí wọ́n á fi tún fáànù ṣe; wọ́n ti tún un ṣe báyìí. Lọ́yà á padà wá pẹ̀lú ìwé dókítà, agolo rẹ̀ á máa wà lórí tábìlì níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, ẹ̀yìn gíláàsì ni á sì ti máa wo ohunkóhun tó bá ní èéfín. Ó ti padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kíláàsì, mi ò lè kọ nǹkan sójú pátákó láìbojú wẹ̀yìn. Ó rù sí i, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ìròyìn kan ló kù, òun ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí lónìí. Ní ọjọ́ Ẹtì, kí a tó ṣí láàbù padà, mo sọ fún kíláàsì pé ẹni tí nǹkan kan bá ń ṣe lára, tó yẹ kí n mọ̀, kó wá bá mi ní yàrá kékeré tí a ń kó igò sí, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Mo búra fún wọn pé mi ò ní lé ẹnikẹ́ni. Mo jókòó sáàárín àwọn igò, mo mú ìwé kan lọ́wọ́ tí màá máa kà, nítorí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wá. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn, ọmọkùnrin tó ga jù mí lọ. Ó ti ilẹ̀kùn dáadáa, ó ní wárápá ń mú òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ kan tí kì í mọ ìyàtọ̀ àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé; láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ sí i létí bí a bá ń wo àwọ̀ nínú ìdánwò. Ọmọbìnrin tí mo máa ń jágbe mọ́ pé kì í dáhùn, etí rẹ̀ kan ló ń gbọ́rọ̀. Òmíràn ní òun ò ṣàìsàn kankan, iná ló ń ba òun lẹ́rù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Gbogbo wọn ni mo mọ ìwé ọwọ́ wọn. Mi ò mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Mo yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti tán, mo sì rí àwọn ọmọ tó kù lórí ìlà gígùn, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, olúkúlùkù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo padà jókòó, mo nu ojú mi, mo ní kí ẹni tó kàn wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi gbé àwọn ọmọ mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ di èyí tí yóò tọ́jú tiyín nínú ìrora. Èémí ò ní wọ́n ẹnikẹ́ni nínú ilé yín. Ibi tí ẹ ti ń sìn, ibẹ̀ ni ayọ̀ yín á ti wá. Ẹ máa fi àdúrà rántí mi, ẹ sì lè wá pè mí báyìí. Mo ṣèlérí pé màá gbé e.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,
Tíṣà Jẹ́jẹ́.

Àfikún: Ẹ má tíì sọ fún Màmá. Wọ́n á wọkọ̀ wá síbí lọ́la ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ ní kedere, bí wárápá bá mú ọmọ nínú kíláàsì, kí ni kí n ṣe, kí sì ni mi ò gbọdọ̀ ṣe? Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tí ò mọ nǹkan kan, torí ọjọ́ Ajé la ó tún tan iná.